Ṣùkù Tí Bàbá Ọlọ́tí So Mọ́ Igi Kérésì

Ẹ má bínú sí mi. Orí mi ò mú nǹkan dání mọ́ bíi tàtijọ́. Bí mo bá gbé ọ̀rọ̀ Kérésì ọdún kan sínú ti ọdún mìíràn, kì í ṣe irọ́ ni mo ń pa, ọjọ́ orí ni. Èmi ò kàwé. Tọ́pẹ́, ọmọ ọmọ mi obìnrin, ló jókòó tì mí pẹ̀lú bírò, tó ń kọ ohun tí mo bá sọ. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má bá mi tún ọ̀rọ̀ mi ṣe.

N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Òun ló fà á. Ó rí àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa tí wọ́n gbé bọ́ọ̀lù oníke wá láti ọjà Òkìtìpupa, èyí tó ń dán yìnrìnyìnrìn, wọ́n ń so ó mọ́ igi Kérésì. Ó wá bi mí pé, "Bàbá, kí lẹ̀yin ń lò láyé ìgbà yín?" Mo ní, "Bàbá àgbà mi là ń lò." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n ṣàlàyé. Àlàyé náà nìyí.

Akíndùró lorúkọ rẹ̀. Òun ló bí bàbá mi. Bàbá mi tètè kú, ọ̀dọ̀ bàbá àgbà ni mo gbé dàgbà, ní abúlé wa tí kò jìnnà sí Igbotako. Ní àwọn ọdún tí mò ń sọ yìí, ṣáájú ogun Biafra àti nígbà tí ogun náà ń lọ lọ́wọ́, mo ti di géńdé. Mò ń ṣiṣẹ́ nínú oko rọ́bà, ṣùgbọ́n ilé rẹ̀ ni mò ń sùn. Òun, ògógóró ló ń sè. Ó ń dá ògùrọ̀ nínú àbàtà, ó sì ń fi ẹmu rẹ̀ se ọtí létí odò. Ìdí nìyẹn tí tọmọdé tàgbà fi ń pè é ní Bàbá Ọlọ́tí.

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé Bàbá Ọlọ́tí kì í mu ọtí. Bó bá sè é tán, á ki orí ìka kan bọ̀ ọ́, á fi kan ahọ́n, á tutọ́ dànù, á sì mọ̀ bóyá ó ti le tó. Àwọn oníbàárà á rọ̀ ọ́ títí pé, "Bàbá, ẹ bá wa mu díẹ̀." Á ní, "Ṣé ẹ ti rí alágbẹ̀dẹ tó ń jẹ irin rí?"

Ẹni tó fẹ́ràn Kérésì nínú ilé wa ni ìyàwó rẹ̀, Ìyé Àgbà. Ìyé làwa Ìkálẹ̀ ń pe ìyá. Ìyé Àgbà wà nínú ìjọ Aládùúrà tó wà lábúlé wa, ó ń wọ aṣọ funfun, orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé ìjọ. Lọ́dún kan ìjọ ní kí ilé kọ̀ọ̀kan mú nǹkan wá tí wọn yóò fi ṣe igi Kérésì lọ́ṣọ̀ọ́. Ìyé Àgbà bẹ ọkọ rẹ̀ pé kó bá òun gbẹ́ ìràwọ̀ kan. Bàbá mú ọpá imọ̀ ògùrọ̀, ó là á sí tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, ó hun ún ní ìràwọ̀ onígun mẹ́fà. Gbogbo ìjọ ya ẹnu. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ yẹn ti bọ́ sí i lọ́rùn.

Ìgbà tó yá Ìyé Àgbà kú. Ẹ̀yìn ilé ìjọsìn ni wọ́n sin ín sí, níbi tí wọ́n ń sin kìkì àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé. Àyè kan ṣẹ́kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àyè yẹn ni bàbá àgbà mi ń fẹ́ láyé. Kò fẹ́ ilé olókè, kò fẹ́ oyè. Ó fẹ́ kí wọ́n sin òun ti ìyàwó òun. Ìjọ ní kò ṣeé ṣe, pé orúkọ ẹni tó ń se ògógóró kò gbọdọ̀ wọnú ìwé. Gbogbo ohun tí mò ń sọ lónìí, orí ilẹ̀ kékeré yẹn ló dá lé.

Ṣùgbọ́n bó bá ti di pé ọyẹ́ fẹ́, Alàgbà Jeremáyà, tó jẹ́ olórí ìjọ, á fi aṣọ funfun gbálẹ̀ wá sí ilé wa.

"Bàbá, Kérésì ti dé o."

"Mo rí i."

"Ìjọ ń retí ọwọ́ yín."

"Ọwọ́ mi nìkan?"

"Ẹ̀yin náà ni, Bàbá! Lẹ́yìn Kérésì, a máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ orúkọ yín."

Ọdọọdún ni wọ́n ń jókòó lẹ́yìn Kérésì. Ibi tí wọ́n ń jókòó sí ni mi ò mọ̀. Nígbà tí Alàgbà bá ti lọ, bàbá á mú ọ̀bẹ rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọjọ́ kan mo bi í pé kí ló dé tó ṣì ń ṣe é fún wọn. Ó ní, "Ọwọ́ mi ni wọ́n fẹ́. Wọn ò tíì mọ̀ pé apá ló gbé ọwọ́ dání."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣe é, torí àwọn ọ̀dọ́ ayé ìsinsìnyí rò pé ọjà nìkan ni nǹkan ẹlẹ́wà ti ń wá. Kì í ṣe oṣù Kérésì ló ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí èso rọ́bà bá ń là pàkà, tó ń fọ́n kóró ká lábẹ́ igi, á ní kí n máa ṣa á bọ̀ láti oko. Kóró rọ́bà ń dán, ó sì ní àdíkálà bí awọ ejò. Á fi irin agbòòrùn tó gbóná lu ihò sí i, á fi ìkó, okùn ara ògùrọ̀, so ó pọ̀ gbọọrọ. Ìkarahun ìgbín ńkọ́? Bí wọ́n bá se ìgbín nílé wa, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọ́ ìdí rẹ̀. Abẹ́rẹ́ la fi ń yọ ẹran. Á fi eérú se ìkarahun náà, á fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti yanrìn bó o títí á fi funfun, bí atẹ́gùn bá sì fẹ́, wọ́n á máa kan ara wọn lórí igi bí eyín ẹni tí òtútù mú. Obìnrin Ìlàjẹ kan tó ń gbé ẹja wá tà máa ń fi ìpẹ́ ẹja ńlá pa mọ́ fún un. Á fi osùn kun òmíràn, á fi aró kun òmíràn, á fi abẹ́rẹ́ gán wọn pọ̀ bí òdòdó. Ọwọ́ tí ògùrọ̀ ti bó, tó le bí èèpo igi, ọwọ́ yẹn náà ló ń gán ìpẹ́ ẹja láìjẹ́ kó ya.

Igi tó ń lò, ẹ̀ka igi ọsàn ni. Wọ́n á rì í mọ́ inú garawa kẹrosíìnì tí wọ́n bu yanrìn kún. Alàgbà ní òun rí i nínú káàdì Kérésì kan pé igi Kérésì kì í lẹ́gùn-ún. Bàbá na ìka sí ẹ̀gún, ó gbé ìkarahun kọ́ ọ, kò já bọ́. Ó ní, "Igi tí ò lẹ́gùn-ún, kí ló máa fi mú nǹkan dání?"

Ó máa ń bá wọn jà o, ẹ má rò pé ẹni pẹ̀lẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ìjà rẹ̀ kì í gùn. Lọ́dún kan ó fa màrìwò ọ̀pẹ, ó hun ún ní ẹ̀wọ̀n gígùn, ó fi yí igi ká láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìyá Wòlíì, obìnrin tó máa ń ríran fún ìjọ, wọlé, ó figbe ta.

"Màrìwò! Aṣọ òrìṣà nínú ilé Olúwa! Bàbá Ọlọ́tí, ẹ fẹ́ pa ìjọ yìí run ni?"

Bàbá ń fi eyín gé ìkó.

"Ìyá Wòlíì, lọ́jọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ, kí lẹ gbé lọ́wọ́ tẹ́ ẹ fi ń jó yí abúlé ká?"

"Ìyẹn yàtọ̀! Imọ̀ ọ̀pẹ nìyẹn!"

"Ta ló gun ọ̀pẹ tó gé e fún yín?"

Gbogbo wa la mọ̀ pé bàbá ló gé e. Ó ń tú ẹ̀wọ̀n náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń ká a, ó sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Ọ̀pẹ kan ṣoṣo ni mò ń gùn. Ẹ̀yin lẹ ń sọ ọ́ di méjì nígbà tó bá délẹ̀."

Ìjà kejì ni ti ìrì dídì. Ọmọ Alàgbà tó wà ní Ìbàdàn fi káàdì Kérésì kan ránṣẹ́, wọ́n ya ilé kan síbẹ̀ tí nǹkan funfun bò mọ́lẹ̀. Alàgbà gbé káàdì náà ká abúlé bí ẹni gbé àṣẹ ọba. Ó ní ọdún yẹn, igi Kérésì wa gbọ́dọ̀ ní ìrì dídì.

Bàbá ní, "Ṣé ó já lu Jésù ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù?"

"Ó wà nínú káàdì, Bàbá."

"Ṣé ó ti já ní Igbotako rí? Ní Ìrẹ̀lẹ̀ ńkọ́?"

"Bàbá, mo ní ó wà nínú káàdì!"

Bàbá ò jiyàn mọ́. Ó tú òwú àràbà inú ìrọ̀rí rẹ̀, ó fọ́n ọn sórí igi. Ó funfun lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òwú àràbà fúyẹ́ ju èémí lọ, ọyẹ́ sì ń fẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Kérésì yẹn. Bí wọ́n ṣe ṣí fèrèsé, òwú gbéra. Ó wọ imú akọrin, ó bà lé ìrùngbọ̀n Alàgbà, gbogbo ilé ń wúkọ́. Ìyá Wòlíì ti dìde, ó ti di ojú, ó ti la ẹnu láti jẹ́ iṣẹ́ tí Ọlọ́run rán an, òwú kan sì wọlé tààrà sí i lọ́fun. Ó fò sókè. Ó na ọwọ́. Ojú rẹ̀ yọ. Ìjọ rò pé ẹ̀mí ti gbé e, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo "Halelúyà!" wọ́n ń lu agogo sí i. Bàbá àgbà mi, tí kì í wọlé, tó máa ń jókòó sórí àpótí lẹ́yìn fèrèsé torí orúkọ rẹ̀ ò sí nínú ìwé, ló na ọrùn wọlé. Ó ní, "Ẹ fún obìnrin náà lómi. Kì í ṣe ẹ̀mí, òwú ni."

Ó dára. Mo fẹ́ sọ ti ṣùkù wàyí. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí ọtí ṣe ń dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹni mímọ́.

Ìjọ kò fẹ́ ògógóró, wọ́n máa ń wàásù lé e lórí. Ṣùgbọ́n kò sí ilé kan nínú ìjọ tí ìgò rẹ̀ kì í dé ilé wa. Ìyàwó wọn tàbí àna wọn ló ń gbé e wá, á wà nínú apẹ̀rẹ̀ lábẹ́ púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tiwa, aṣọ á bò ó. Olúkúlùkù ló sì ní àìsàn. Alàgbà, ẹ̀yìn ló ń dùn ún, ó ní òun fi ń para ni. Ìyá Wòlíì, orúnkún. Olórí akọrin ní ohùn òun ló ń há. Bí o bá jókòó sílé wa lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, wàá rò pé ilé ìwòsàn ni. Bàbá àgbà mi á rọ ọtí fún wọn. Lẹ́yìn tí wọ́n bá lọ, á ní, "Ara tó ń ro wọ́n yìí, ọ̀nà ọ̀fun ló ń gbà débẹ̀."

Ìgò wọn jọra, gbogbo rẹ̀ ló dúdú bí ewé. Bàbá ò sì lè kọ orúkọ. Nítorí náà, ṣùkù àgbàdo tó fi ń dé ẹnu ìgò ló ń fi dá wọn mọ̀. Ó fi ọ̀bẹ kọ àmì sára ṣùkù ilé kọ̀ọ̀kan. Ti Ìyá Wòlíì, ojú ọ̀bẹ méjì tó kọjá ara wọn. Ti olórí akọrin, mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ti Alàgbà, ìlà kan tó yí ká, wọ́n sì tún máa ń fi àkísà aṣọ funfun wé orí rẹ̀ kó má baà jò. Ẹni tó bá ń mu nǹkan lọ́dọ̀ wa mọ àmì tirẹ̀ bó ṣe mọ orúkọ ọmọ rẹ̀. Bí ìgò bá padà dé, bàbá á yọ ṣùkù tó ti rin, á gbẹ́ tuntun, á sọ ti àtijọ́ sínú agbọ̀n kan lórí àjà. Ó ní ṣùkù tó ti mu ògógóró ń gba iná kíákíá. Òun la fi ń dáná.

Kérésì kan wá dé nígbà ogun. Wọ́n kéde pé Bàbá Àpọ́sítélì láti olú ìjọ ń bọ̀ wá bá wa ṣe é. Ẹni ńlá ni. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá ìjọ wa sílẹ̀, kò wá rí. Alàgbà ò sùn mọ́. Ó ní igi ọdún yẹn ò gbọdọ̀ jẹ́ ẹ̀ka kékeré, wọ́n sì lọ gé odidi igi ọsàn kan tí orí rẹ̀ kan àjà. Nǹkan ọ̀ṣọ́ ò sì tó. Obìnrin Ìlàjẹ wa ò wá torí sójà wà lójú ọ̀nà, eku ti wọ àpò kóró rọ́bà wa, ìkarahun tó wà níbẹ̀ ò ju ohun tó lè bo apá kan lọ. Nígbà tó ku ọ̀la, Alàgbà wá, ó wo igi, ó di orí mú.

"Bàbá, ìhòòhò ló wà!"

"Ẹ̀yin lẹ gé igi tó ga ju ọrọ̀ yín lọ."

"Bàbá, ẹ má jẹ́ kí ojú tì mí lọ́dọ̀ Bàbá Àpọ́sítélì. Ohunkóhun tó bá wà nílé yín, ẹ ṣáà fi kún un."

"Ohunkóhun?"

"Ohunkóhun, Bàbá! Mo bẹ̀ yín!"

Bàbá yíjú sí mi. "O gbọ́ ọ o." Mo ní mo gbọ́. Alàgbà sáré lọ ṣe kòkáárí oúnjẹ àlejò.

Bàbá gun àjà, ó sọ agbọ̀n ṣùkù kalẹ̀. A jókòó sábẹ́ igi máńgòrò níwájú ilé ní ọ̀sán yẹn. Ó ń fi ọ̀bẹ yọ ìdí ṣùkù kó rí bí agogo, ó ń fi osùn pa á, èmi ń fi ìkó dè é. Nígbà tó yá, ọwọ́ mi dúró.

"Bàbá, àmì wọn wà lára rẹ̀."

"Osùn á bò ó."

Osùn ò bò ó. Àwọn ojú ọ̀bẹ wọ̀nyẹn ló lọ kún, tí àmì ilé kọ̀ọ̀kan wá yọ ketekete ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo wò ó, ó wò mí. Ó mú òmíràn. Títí dòní mi ò lè búra bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, tàbí kò sí nǹkan mìíràn nílé lóòótọ́. Mo bi í lẹ́yìn ọdún méjì. Ó ní, "Ohunkóhun ni Alàgbà wí."

Láàárọ̀ ọjọ́ Kérésì, igi náà lẹ́wà, mi ò ní purọ́. Ìràwọ̀ wà lókè, ìkarahun wà láàárín, agogo pupa sì kún gbogbo ìyókù láti òkè dé ilẹ̀. Èmi àti bàbá wà lẹ́yìn fèrèsé. Ìjọ ń jó wọlé. Olórí akọrin ló kọ́kọ́ rí tirẹ̀. Orin tó ń dá há mọ́ ọn lẹ́nu, ohùn tó sì ti fi ìgò púpọ̀ wò sàn kọ̀ jálẹ̀. Lẹ́yìn náà Ìyá Wòlíì gbójú sókè, ó tún gbé e wálẹ̀ kíá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan nínú Bíbélì rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń lọ láti orí àga dé orí àga. Ẹni tó bá rí tirẹ̀ á wo ọ̀tún, á wo òsì, á rí i pé ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun náà ń wo igi. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé aládùúgbò àwọn náà ní àìsàn. Kérésì yẹn ni gbogbo ìjọ dákẹ́ jùlọ. Bàbá Àpọ́sítélì rò pé ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń fún òun.

Alàgbà ló dìde gbàdúrà. Ó la ojú láàárín àdúrà, àkísà funfun tó wé ṣùkù tirẹ̀ sì wà ní iwájú imú rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó ṣe "Àmín" níbi tí àdúrà ò tíì parí.

Ìwàásù parí, Bàbá Àpọ́sítélì rìn lọ sídìí igi. Àgbàlagbà ni, ó rọra ń rìn.

"Èyí dára púpọ̀. Kí lẹ fi ṣe agogo wọ̀nyí?"

Alàgbà ní, "Ṣùkù lásán ni, Bàbá."

"Kí ló dé tí àmì ọ̀kọ̀ọ̀kan fi yàtọ̀?"

Alàgbà ń nu ojú.

"Ta ló ṣe é?"

Ìyẹn ò ṣeé fi pamọ́, torí àwọn ọmọdé ti nàka sí fèrèsé. Bàbá Àpọ́sítélì ní kó wọlé. Bàbá àgbà mi bọ́ bàtà, ó wọlé. Ó ti ń fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe ilé yẹn lọ́ṣọ̀ọ́ láti ọdún púpọ̀ wá, ọjọ́ yẹn gan-an ni mo rí i tó dúró sáàárín rẹ̀ tí ìjọ pé. Mo rí i tí Alàgbà ń bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ojú. Mo mọ̀ pé bó bá sọ̀rọ̀ kan báyìí, ìjọ á tú, kò sì ní sí ẹni tó máa fún un ní ilẹ̀ yẹn láéláé. Bó bá sì dákẹ́, lẹ́yìn Kérésì náà ni wọ́n á tún wí.

"Bàbá, kí ni àwọn àmì yìí?"

Bàbá àgbà mi ní, "Àmì ilé ni, Bàbá. Kò sí ilé kan nínú ìjọ yìí tí kò sí lórí igi yìí, àfi tèmi."

Bàbá Àpọ́sítélì mi orí. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára.

"Kí ló dé tí tìrẹ ò sí níbẹ̀?"

"Wọn ò tíì kọ orúkọ mi. Ọtí ni mò ń sè. Ìyàwó mi ló wà lẹ́yìn ilé yìí, mo fẹ́ kí wọ́n sin mí tì í."

"Bí o bá jáwọ́ nínú ọtí ńkọ́?"

"Bí wọ́n bá kọ orúkọ mi lónìí, mo jáwọ́ lónìí."

Bàbá Àpọ́sítélì yíjú sí Alàgbà. Kò tíì sọ nǹkan kan tí Alàgbà fi fò dìde. "A ti ní in lọ́kàn, Bàbá! Lẹ́yìn Kérésì..."

"Kérésì ti ọdún wo?"

Tọ́pẹ́, o ò rí bí àwọn àgbààgbà ṣe ń du ìwé ìjọ gbé. Ẹnì kan yá wọn ní pẹ́ńsù. Wọ́n kọ ọ́ níbẹ̀, lójú gbogbo wa: Akíndùró. Bàbá Àpọ́sítélì ní òun á mú agogo kan lọ fi han àwọn ìjọ mìíràn, bí ìṣọ̀kan ṣe ń rí. Ó na ọwọ́, ti Alàgbà ló bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó gbé e súnmọ́ imú. Ó wo Alàgbà, ó wo gbogbo ìjọ, ó rọra fi ṣùkù náà sápò. Ó ní, "Ìṣọ̀kan yín pọ̀ lóòótọ́."

Bàbá mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Ìyẹn ni wọn ò rò tẹ́lẹ̀. Wọ́n rò pé á jáwọ́ lójú ìjọ, á sì máa sè é lẹ́yìnkùlé. Ní ọjọ́ kejì Kérésì ó tú páìpù tó fi ń se ọtí, ó fún mi ní dúrọ́ọ̀mù rẹ̀ pé kí n máa fi gba omi òjò. Odò tó ti ń fi omi rẹ̀ mú ọtí tutù, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti rì í bọ omi. Nǹkan sì le fún wa lẹ́yìn náà. Apẹ̀rẹ̀ ló ń hun tà. Ọjọ́ mìíràn wà tá a jẹ púpurú láìsí ẹja. Kò ráhùn. Àwọn tó ń ráhùn wà níta.

Kò pé oṣù kan, Alàgbà wá. Nǹkan kan yọ gọngọ lábẹ́ aṣọ funfun rẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀yìn yìí tún dé o."

"Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ gbàdúrà sí i."

"Mo ti gbà á."

"Ẹ jẹ́ ká jọ gbà á. Ẹ kúnlẹ̀."

Alàgbà kúnlẹ̀. Ìgò kan ilẹ̀ gbàm. Bàbá ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó gbàdúrà yẹn títí oòrùn fi kúrò lójú àgbàlá. Ó gbàdúrà fún ẹ̀yìn Alàgbà, egungun rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó ṣe "Àmín," ó ní, "Ó ti yá, àbí?" Alàgbà fọwọ́ ti ilẹ̀ dìde. Ó ní, "Ó ti yá, Bàbá. Ó ti yá pátápátá."

Ogun parí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ bàbá. Kò lè gun nǹkan mọ́, ó kàn ń jókòó ni. Lóṣooṣù á rán mi lọ sẹ́yìn ilé ìjọsìn pé kí n lọ wo àyè òun. Lọ́jọ́ kan mo débẹ̀, mo bá ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti gbìn sí i. Ìyàwó Alàgbà ló gbìn ín, ó ní ilẹ̀ náà kàn ṣófo ni. Inú bí mi, mo fẹ́ hú u. Mo sáré padà wá sọ fún bàbá. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó ní, "Jẹ́ kó ta. Èmi náà ò tíì kánjú."

Ẹ̀gẹ́ náà ta. Bàbá ní kí wọ́n bu díẹ̀ wá nínú púpurú rẹ̀, torí ilẹ̀ òun ló ti jáde. Wọ́n bù ú wá, ó jẹ òkèlè méjì. Ìyẹn ni oúnjẹ tí mo rí i jẹ kẹ́yìn tó dùn mọ́ ọn. Ó kú nígbà tí òjò ń parí lọ.

Alàgbà Jeremáyà fúnra rẹ̀ ló gbé ọkọ́ láti gbẹ́ ilẹ̀ náà. Mi ò ní fi í ṣẹ̀fẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Ó ń sunkún, kì í ṣe ti ìjọ, ti ara rẹ̀ ni. Ó bi mí pé níbo ni kí òun ti bẹ̀rẹ̀. Mo sọ ohun tí bàbá wí fún mi lálẹ́ tó ṣáájú ikú rẹ̀, tó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Kí wọ́n má gbẹ́ ẹ jìnnà sí i o. Ìyé yín, etí rẹ̀ kan kì í gbọ́ràn dáadáa." Alàgbà dúró, ó sún síwájú díẹ̀. Mo ní kó tún sún sí i. Ó sún títí ilẹ̀ tó wà láàárín àwọn méjèèjì ò fi ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó sì wá gbé ọkọ́ sókè.

Ó tó, Tọ́pẹ́. Ó rẹ̀ mí. Dá bírò dúró. Kà á sókè fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀, má sáré kà á, kí n gbọ́ bóyá òun náà ni.